Olú Kéékèèké Tí Ń Jẹ Igi: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò láti Ìlọrin sí Ọ̀wá Kájọlà

Jímọ̀

Lẹ́yìn tí a kírun Jímọ̀ tán la kúrò ní Gárèèjì Ọ̀fà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé ohun tí mo ń wá kì í yọjú sí ẹni tó bá jáde ní ọ̀gbẹlẹ̀. Èmi àti àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, la jọ ń lọ. Òun ló máa ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí mo bá dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi. Ọ̀bẹ kékeré, bébà funfun, àpò ìwé, àti gíláàsì tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú ló wà nínú báàgì mi. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún aago ṣe nítòsí Ọjà Ọba ni mo ti ra gíláàsì náà. Ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, ìyẹn sì tó.

Olú ni mò ń wá, àmọ́ kì í ṣe olú tí àwọn ìyá wa ń kó sínú igbá tà létí títì. Àwọn tèmi kéré débi pé ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n kọjá lójoojúmọ́: àwọn tó ń yọ lára ẹ̀ka gbígbẹ, lára kùkùté, lábẹ́ ìtì tó ti ń rà. Igi ni wọ́n ń jẹ. Igi yòówù kó wó nínú igbó, àwọn ló ń dá a padà sínú ilẹ̀, kí igi mìíràn tó rí nǹkan fi dàgbà. Ohun tí a sì ń fojú rí yẹn, èso wọn lásán ni. Ara wọn gan-an wà nínú igi, fọ́nrán funfun tín-ín-rín tó ń rá pálá gba inú rẹ̀ kọjá. Wọn kì í ṣe ewéko: wọn kò ní àwọ̀ ewé, wọn kò sì gbára lé oòrùn fún oúnjẹ. Ẹranko ni wọ́n tilẹ̀ bá tan jù. Ohun tó mú èèpo ara wọn le, kítínì, òun náà ló wà nínú karawun akàn àti edé.

Mọ́tò gba Gánmọ kọjá, ó forí lé Ajàṣẹ́-Ìpo. Àpò èédú tò sí ẹ̀gbẹ́ títì ní ọ̀pọ̀ ibi. Oúnjẹ ìdílé ló wà nínú àwọn àpò yẹn, mi ò sì ní bú ẹni tó ń sun èédú. Àmọ́ ó dùn mí, torí pé igi tó bá di èédú tí wọ́n gbé lọ, ilẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà kò rí nǹkan kan gbà padà lára rẹ̀.

Òmù-Àrán la sùn, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. "Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà," ni Màmá wí, àmàlà sì ti wà nílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé wa wá, wọ́n ní, "Olú orí igi? Ìyẹn ò wọ́n o. Ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé." Ilẹ̀ ti ṣú.

Sátidé

Ìtì mángòrò ló wà ní ẹ̀yìnkùlé Màmá. Ìjì ló wó o. Wọ́n ti gé ẹ̀ka rẹ̀ dáná, wọ́n sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó tóbi ju ohun tí àáké lè ṣe.

Ní apá tí oòrùn ń pa, olú pẹlẹbẹ kan tò mọ́ èèpo igi náà, ó pupa fòò, ó fẹ́lẹ́, ó sì le. Pycnoporus sanguineus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ojú oòrùn ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń rí i ní oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán ju inú igbó kìjikìji lọ. Ní apá tó wà lábẹ́ òjìji, kókó dúdú roboto mélòó kan ló wà níbẹ̀, wọ́n fúyẹ́ lọ́wọ́. Mo fi ọ̀bẹ la ọ̀kan sí méjì. Ìlà aláwọ̀ eérú àti ìlà dúdú yí ara wọn ká láti àárín títí dé èèpo. Daldinia nìyẹn. Àwọn ìlà náà kì í ṣe ti ọdún bíi ti inú ìtì igi. Bó ṣe ń tóbi sí i ló ń tò wọ́n. Ó ń tọ́jú omi sínú ara, òun ló fi lè máa ta irúgbìn jáde fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, òru ló sì ń ta á jù.

Màmá gba ìlàjì kan lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sójú oòrùn. "Láti ọjọ́ yìí, èédú ni mo pè é," ni wọ́n wí. Wọ́n pe ọmọ aládùúgbò kan pé kó wá wò ó.

Ọ̀sán ni a gba Òrò lọ sí Èsìẹ́. Ẹni tó bá dé agbègbè yìí tí kò yà sí ilé àwọn ère náà, kò dáa. Òun ni ilé ìṣẹ̀m̀báyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, òkúta rírọ̀ tí wọ́n gbẹ́: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó jókòó, ẹni tó kúnlẹ̀, ẹni tó mú ohun ìjà lọ́wọ́. Mo dúró pẹ́ níwájú wọn, olú ni mo sì ń rò. Àwa Ìgbómìnà gbẹ́ igi pẹ̀lú: òpó ààfin, ilẹ̀kùn, ère ìbejì. Nínú èyí tí wọ́n gbẹ́ láyé àtijọ́, èyí tó kù nílẹ̀ kò tó nǹkan. Ikán kò lè jẹ òkúta, olú tí ń jẹ igi kò sì rí nǹkan fà lára rẹ̀. Ká ní igi ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère yìí, tí wọ́n sì fi wọ́n sí ìta gbangba bí wọ́n ṣe bá wọn, ilẹ̀ ni à bá máa wò níbẹ̀ lónìí.

Agbára tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ kó yé wa. Ohun méjì ló mú igi le. Ọ̀kan ni sẹ́lúlóòsì, òun náà ló pọ̀ jù nínú òwú. Èkejì ni lígínì, tó lẹ àwọn fọ́nrán igi mọ́ra wọn. Lígínì ṣòro jẹ púpọ̀. Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí, àwọn olú kan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u ká jù. Igi tí irú wọn bá jẹ á funfun, á rọ̀, á máa fà já ní fọ́nrán-fọ́nrán. Àwọn olú mìíràn á mú sẹ́lúlóòsì, wọ́n á fi lígínì sílẹ̀. Igi tiwọn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì sán wẹ́wẹ́ oníhà mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà tí a padà dé Òmù-Àrán, mo ṣí èèpo ìtì mángòrò náà: funfun ni inú rẹ̀, ó rọ̀, ìka mi wọlé.

Àlàádì

Ọ̀kadà ló gbé wa dé Ọ̀wá Kájọlà. A kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, wọ́n sì fún wa ní ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà. A gbọ́ ariwo omi Ọ̀wù kí á tó rí i. Òkè gíga ló ti ń já bọ́, nǹkan bíi mítà 120, ìkùukùu omi rẹ̀ sì ń fẹ́ bá èèyàn lójú láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn àlejò mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ya fọ́tò omi. Èmi yí ẹ̀yìn sí omi, mo wọ abẹ́ igi lọ, nítorí pé ìkùukùu yẹn ló mú kí gbogbo ẹ̀ka tó wà nílẹ̀ máa tutù láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ẹ̀ka tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ ni mo kọ́kọ́ gbé. Ife kéékèèké tò sí i lórí láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igi ìdúró tirẹ̀, inú wọn pọ́n díẹ̀ mọ́ àwọ̀ òdòdó. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Nígbà tí mo fi gíláàsì sójú, mo rí irun funfun tó yí etí ife náà ká, ẹ̀kán omi rọ̀ mọ́ orí irun kọ̀ọ̀kan. Òjò ti kún inú àwọn kan dé etí. Cookeina ni wọ́n ń pè wọ́n, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni ilé wọn, orí ẹ̀ka tó wó nínú igbó sì ni ìjókòó wọn.

Mo wá èyí tí omi kò sí nínú rẹ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i pẹ̀lẹ́, mo sì gbójú sókè díẹ̀ kí imọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nǹkan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èéfín funfun kan rú jáde nínú ife náà, ó gòkè, ó tàn ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń jóná ni?" ni ọmọkùnrin tó mú wa wá bi mí.

Irúgbìn rẹ̀ ni. Inú ife yẹn kún fún ọ̀pá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irúgbìn 8 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdérí sì wà lórí rẹ̀. Omi ló ń fún ọ̀pá náà nínú títí á fi le kankan. Bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká bá yí padà lójijì, ìdérí á ṣí, irúgbìn á fò jáde. Bí ọ̀kan bá ti yìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á tẹ̀ lé e. Bí gbogbo wọn ṣe jọ ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà ló ń dá atẹ́gùn tirẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn yẹn ló sì ń gbé wọn kúrò nítòsí ilẹ̀. Mo jẹ́ kí ọmọ náà fẹ́ tirẹ̀. Ó fẹ́ ife kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń pariwo bí èéfín bá ti jáde.

Láti ìgbà náà, òun ló di olùwákiri wa. Kò pẹ́ tó fi pè mí sí ibi igi kan tó ti rà dé ìdajì. Cyathus ló rí! Ó rí gẹ́gẹ́ bí ìtẹ́ adìẹ tí ẹyin wà nínú rẹ̀, àmọ́ gbogbo ìtẹ́ náà kò tó ìdajì orí ìka. Ìta rẹ̀ ní irun, inú rẹ̀ ń dán, ẹyin eérú pẹlẹbẹ mẹ́rin sì wà nísàlẹ̀. Inú àwọn ẹyin yẹn ni irúgbìn wà. Òjò ló ń bá a gbé wọn lọ: ẹ̀kán òjò á já sínú ìtẹ́ náà, bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ lókè tó sì dín nísàlẹ̀ á ta omi náà padà sókè, ẹyin á bá a fò jáde. Ó lè dé mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣí ìgò omi mi, mo gbé e sókè dé ibi orí mi, mo ń kán an sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀kán kan bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan já sínú ìtẹ́ gan-an, àbúrò mi sì kígbe, nítorí pé ẹyin náà ti lẹ̀ mọ́ ewé kan ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún rẹ̀. Lábẹ́ gíláàsì, a rí okùn tín-ín-rín tó so lára ẹyin náà, ìdí rẹ̀ ní oje tó ń lẹ̀. Ìyẹn ló fi ń di ohun tó bá kọlù mú. Mo ti rí àwòrán èyí nínú ìwé ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Kí èèyàn fi omi inú ìgò rẹ̀ ṣe é lójú ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Marasmius pọ̀ níbẹ̀ kọjá kíkà, orí ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́, ẹsẹ̀ wọn dúdú, ó sì tín-ín-rín bí irun. Wọ́n máa ń gbẹ dànù bí òjò bá dá, bí òjò bá tún rọ̀ wọ́n á jí padà. Elias Fries, onímọ̀ olú ará Sweden, tó ya ẹ̀yà yìí sọ́tọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti kíyè sí ìwà yìí.

Ìdì irun aláwọ̀ ilẹ̀ kan tún wà lábẹ́ ìtì ńlá, gbogbo rẹ̀ kò ga ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, bí a bá fọwọ́ kàn án á di lẹ́búlẹ́bú. Stemonitis nìyẹn, kì í sì í ṣe olú rárá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi kan náà ni wọ́n ń gbé. Kó tó dúró báyìí, ohun yíyọ̀ bí ikun tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí igi ni, tó ń gbé bakitéríà mì. Ìbátan rẹ̀ kan, Physarum, ni àwọn onímọ̀ ní Japan fi sínú ọ̀nà lọ́kọ́lọ̀kọ ní ọdún 2000, tó sì wá ọ̀nà tó kúrú jù láàárín oúnjẹ méjì, láìní ọpọlọ. Bí mo bá ní owó àti àyè, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ǹ bá kọjú sí pátápátá.

Ìrọ̀lẹ́ ni ebi lé wa kúrò níbẹ̀.

Àtìní

Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. A kò jáde.

Lábẹ́ ìtì mángòrò Màmá, olú wínníwínní ti yọ ní òru, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, fìlà eérú tó ní ìlà bíi ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po. Coprinellus disseminatus ni. Mo já díẹ̀, mo dojú fìlà wọn dé bébà funfun, mo fi ife bò wọ́n. Ní alẹ́, ìlà dúdú tó tò yípo bó ṣe wà lábẹ́ fìlà gan-an ti wà lórí bébà: irúgbìn tó jábọ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè ṣe èyí nílé. Àwọ̀ ìyẹ̀fun yẹn wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń ya olú kan sọ́tọ̀ lára òmíràn. Kì í fi hàn bóyá olú ṣeé jẹ o. Màmá bi mí ní ìbéèrè yẹn, ìdáhùn mi sì ni pé olú tí àwọn tó dàgbà nílé kò bá mọ̀, ẹnu kò gbọdọ̀ kàn án.

Àtàláátà

Àbúrò ọkọ Màmá ní oko kòkó àti obì lọ́nà Ìsánlú-Ìsin. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ àwọn ló ń síwájú wa lójú ọ̀nà.

Igi kan wó sáàárín oko náà ní ọdún tó kọjá, olú tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ adìẹ sì ti bò ó. Bàbá mọ ìyẹn bí ẹní mowó. "Ìyàwó mi máa ń sè é pẹ́ kó tó rọ̀, kódà ó ṣì máa ń ki léyín," ni Bàbá wí. Abẹ̀bẹ̀ funfun onírun ni, kò ní ẹsẹ̀ tó dúró, ìlà abẹ́ rẹ̀ sì là sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ìlàjì kọ̀ọ̀kan á ká kò láti dáàbò bo ibi tí irúgbìn ti ń jáde; bí òjò bá dé, á tún tẹ́ padà. Schizophyllum commune lórúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Yàtọ̀ sí Àǹtákítíkà, kò sí ilẹ̀ ńlá tí kò sí láyé. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni ti ìgbéyàwó rẹ̀: kì í ṣe akọ àti abo ló ní, oríṣi tó lé ní 20,000 ló pín sí, débi pé bí méjì nínú wọn tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan bá pàdé nínú igi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọ́n á bára wọn mu.

Bàbá fẹ́ sun igi náà ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀. Mo béèrè ìdí.

"Ọmọ mi, ejò ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń gba ibí yìí kọjá. Àti pé àwọn ọ̀gá àgbẹ̀ ti sọ fún wa pé kùkùté ló ń kó àrùn ran kòkó."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Olú kan wà, Rigidoporus, tó ń gba kùkùté àti gbòǹgbò òkú igi wọ gbòǹgbò igi tó yè, tó sì ń pa á. Níbi tí kòkó bá ti ń kú láti ìdí, kùkùté ni kí á hú jáde, mi ò jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ kòkó Bàbá kò kú láti ìdí. Mo tì apá kan ìtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí mo ti fi igi gbá a wò nítorí ejò. Mo bu ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sí ọwọ́ kan, mo bu ti ojú ọ̀nà sí èkejì. Ti abẹ́ igi dúdú, ó tutù, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, fọ́nrán funfun gba inú rẹ̀ kọjá, kòkòrò funfun kéékèèké sì ń fò nínú rẹ̀. Ti ojú ọ̀nà pupa, ó sì le. Bàbá gba méjèèjì. Wọ́n gbóòórùn ti abẹ́ igi, wọ́n fi àtàǹpàkò rin ín.

"Èyí ni ilẹ̀ tí bàbá mi fi gbin obì," ni wọ́n wí.

A jọ ṣe àdéhùn: àwọn ọmọkùnrin máa yí ìtì náà kúrò lójú ọ̀nà lọ sí ààlà oko, níbi tí ejò kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹnì kankan kò sì ní fi iná sí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀ láti orí dé ìdí kí á tó kúrò.

Àlàárùbá

A padà sí Ìlọrin ní òwúrọ̀. Títì Ajàṣẹ́ kún fún ọkọ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Nílé, mo kó ohun tí mo bá bọ̀ jáde, mo kọ ibi tí mo ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti irú igi tó wà lórí rẹ̀ sára àpò ìwé rẹ̀. Ẹsẹ̀ adìẹ Bàbá ti gbẹ, ó ti ká kò. Mo fi ọ̀kan sórí aṣọ tútù, kí n tó kírun Àsárì tán ó ti ń tẹ́. Ìyẹn kéré sí agbára rẹ̀: Buller, onímọ̀ olú kan tó ṣiṣẹ́ ní Kánádà, di àwọn kan tó gbẹ sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó ṣí ìgò náà, wọ́n fi omi sí wọn, wọ́n sì tún tẹ́.

Ọmọ ọmọ Bàbá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́. Wọ́n ti yí ìtì náà dé ààlà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èèpo rẹ̀ ti bó, ohun dúdú gbọọrọ mẹ́ta dúró, orí wọn funfun bí ẹni fi ìyẹ̀fun kàn wọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ní kí n bi yín, kí nìyí?" Xylaria ni. Ìyẹ̀fun orí rẹ̀ yẹn ni irúgbìn àkọ́kọ́ tó ń mú jáde. Tó bá yá gbogbo rẹ̀ á dúdú, á le, irúgbìn kejì á wá máa jáde láti ojú ihò wínníwínní lára rẹ̀. Mo ní kí ẹnì kankan má já a. Mo ní kó máa ya fọ́tò rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àlàárùbá títí á fi dúdú tán, kó sì fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí á lè mọ bó ṣe ga tó.